Ẹní Òfìfo Tí Ẹ̀rọ Rẹ Pè Ní Kòkó

Ilé wa, Ọ̀kà-Àkókó.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Fọlákẹ́ ọmọ mi, Àṣàkẹ́, àbígbẹ̀yìn tó ń mú orí bàbá rẹ̀ wú,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìkàrẹ́? Ṣé iṣu tí mo fi rán onímọ́tò sí ọ dé ọwọ́ rẹ, àbí ó ti gún un jẹ lójú ọ̀nà? Àwa wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi ń sọ tẹnu rẹ̀ bí òjò bá ti ṣú, ìyá rẹ náà sì ń sọ tirẹ̀ bí n kò bá tètè dáhùn. Àwọn méjèèjì kí ọ.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló ṣe bàbá yìí tó ní fóònù lọ́wọ́ tó tún ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Ìdí méjì ni. Bí mo bá pè ọ́, kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, wàá ti sọ pé, "Dádì, mo ti gbọ́." Mo ti mọ̀ ọ́. Ìdí kejì ni pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú èyí tí mo fẹ́ bá ọ sọ tí ẹnu mi kò lè gbé. Ọdún tí mo ti ń gbé e kiri ti ju ọjọ́ orí rẹ lọ.

Ìyá rẹ ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé o bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Má bínú sí i. Ó ní èmi ni mo to kòkó tí o yà ní fọ́tò, nítorí náà ó yẹ kí n gbọ́. Jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe yé mi, kí o lè rí i pé bàbá rẹ kò tíì gọ̀ tán.

Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí o ti ń gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn yunifásítì òkè òkun ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kọ́ tí ẹ ń pè ní maṣíìn lánììnì. O ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí níbi tí a ti ń wa iṣu. O ní ẹnikẹ́ni kì í jókòó sọ òfin fún kọ̀ǹpútà pé báyìí ni kó ṣe. Àpẹẹrẹ ni wọ́n máa ń fi hàn án, àpẹẹrẹ lórí àpẹẹrẹ, pé èyí dára, èyí kò dára, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi máa dá a mọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ ọ ní kòkó ṣíṣà nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. O rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kòkó yẹn náà lo padà fi ṣe iṣẹ́ àṣeparí ẹ̀kọ́ rẹ: kí fóònù wo hóró kòkó tí a sá, kó sọ pé "Ó dára" tàbí "Kò dára." Iléeṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ tó ń ra kòkó rí i, ó wù wọ́n, wọ́n sì gbà ọ́ síṣẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni o máa bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ti ròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tilẹ̀ bi í.

Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí lẹ́tà iṣẹ́ ti dé, tí o fẹ́ fi ẹ̀rọ náà han aládùúgbò rẹ. O da kòkó dáadáa sórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀rọ ní kò dára. O da kòkó tó ti bu sórí ẹní, ẹ̀rọ ní ó dára. Ni o bá tẹ́ ẹní lásán, láìsí hóró kòkó kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tún ní ó dára. Ìyá rẹ ní ẹkún lo fi pe òun.

Dárí jì mí, Àṣàkẹ́. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo rín in títí ìyá rẹ fi gba ife tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá ni ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu, torí mo rí ibi tí ẹ̀rọ rẹ ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ mi ni.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Kòkó tó dára kì í fara kan àpáta. Orí ẹní ni à ń sá a sí, kí ooru àpáta má baà jó o, kí iyẹ̀pẹ̀ má baà dà pọ̀ mọ́ ọn. Èyí tó bu àti èyí tí kòkòrò ti jẹ, orí àpáta ẹ̀yìnkùlé là ń dà á sí, kò gbọ́dọ̀ dé orí ẹní kó má baà kó bá èyí tó dára. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ó bá bá hóró dúdú kan lórí ẹní rẹ̀, gbogbo ẹní náà ni yóò gbọ̀n dà sílẹ̀, yóò ní kí n tún un ṣà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Ọ̀bà àti ní Ifira tí o lọ ya fọ́tò. Nígbà tí o wá gbé fóònù rẹ dé pé, "Dádì, ẹ to dáadáa sọ́tọ̀, ẹ to èyí tí kò dáa sọ́tọ̀," mo lọ wọ bùbá mi tó mọ́, mo sì tò ó bí a ti máa ń tò ó: dáadáa lórí ẹní, burúkú lórí àpáta. Ẹ̀rọ rẹ kò wo kòkó rí. Ẹní ló ń wò. Àwa la kọ́ ọ pé ohunkóhun tó bá ti wà lórí ẹní, ó dára.

Nítorí náà, ìwọ nìkan kọ́ lo ṣe é. Mo lọ́wọ́ nínú rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí o bi ìyá rẹ ni kò jẹ́ kí n sinmi. O ní, "Mọ́mì, ṣé kí n sọ fún wọn ni, àbí kí n kàn dákẹ́, kí n wọlé, kí n máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀?" Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí o bá sọ ọ́, wọ́n á gba iṣẹ́ náà kí o tó jókòó sórí àga wọn. Ìyẹn ni mo ṣe mú bírò. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn kéékèèké tó wà lọ́kàn mi, nítorí bí mo bá ti sọ èyí tó tóbi tán, n kò ní lè sọ nǹkan mìíràn mọ́.

Èkíní. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò ní bẹ́ẹ̀lì, kò sì ní tíṣà tó mú pàṣán dání. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò títí mo fi rẹtáyà, mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo rántí bí o ṣe máa ń gun àpáta ẹ̀yìnkùlé lọ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kọ̀ǹpútà lábẹ́ abíyá, agboòrùn lọ́wọ́, tí àwọn ewúrẹ́ á sì yí ọ ká bí ẹni pé àwọn náà fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí. Orí mi máa ń wú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni o máa ń wò láàárọ̀ kan, bí mo bá sì bi ọ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ ṣe ńkọ́, wàá ní, "Màá padà sí i, Dádì." O kì í padà sí i. Ẹni tó ń wo ẹni tó ń gún iyán kò tíì gún iyán. Láti ìsinsìnyí lọ, má ṣí ẹ̀kọ́ kejì bí o kò bá tíì fi ọwọ́ ara rẹ ṣe iṣẹ́ èkíní, bó tilẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èkejì. Máa béèrè ọ̀rọ̀. O sọ fún mi pé ojúewé kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti ń kọ ìbéèrè sí ara wọn. O ní o kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí, pé wọ́n á fi òyìnbó rẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló máa rí ojú rẹ tó fi máa rẹ́rìn-ín? Ká ní o fi fọ́tò mẹ́wàá péré síbẹ̀ pé kí wọ́n bá ọ wò ó, ẹnì kan tí kò mọ Ọ̀kà mọ Ìkàrẹ́ ì bá ti bi ọ́ pé kí ló dé tí gbogbo kòkó dáadáa fi wà lórí ẹní. Àjèjì nìkan ló lè rí i. Àwa tí a wà nínú ilé, ojú wa ti mọ́ ọn jù. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀, torí n kò bi ọ́ pé kí gan-an ni ẹ̀rọ náà ń wò. Mo kàn dúró ti kòkó, mo ń ṣe bí ọ̀gá.

Ẹ̀kẹta kò gùn. Jẹun. Gààrí kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán ojoojúmọ́. Bí ọkùnrin kan bá sì sọ fún ọ ní Àkúrẹ́ pé òun náà mọ kọ̀ǹpútà, ní kó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá kí a rí i. Mo ti sọ ìyẹn tán.

Ó wá ku èyí tó tóbi.

Kí n tó di tíṣà, akọ̀wé ni mo jẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kòkó kan ní Ìkàrẹ́. Mo fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò sí ààyè láti lọ jókòó ní kíláàsì. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe jẹ́ fún ẹ̀yin lónìí ni ilé ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ fún àwa nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tó ń fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí wa. Wàá ka ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, wàá dáhùn ìbéèrè, wàá sì dá ìwé náà padà kí wọ́n máàkì í. Ìdáhùn gan-an wà ní ẹ̀yìn ìwé, wọ́n fi bébà lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Àṣàkẹ́, bíléèdì ni mo fi ń ṣí i. Bí mo bá ti dà á kọ tán, màá fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ padà, ojú kò ní í mọ̀ ọ́n.

Máàkì mi kò lẹ́gbẹ́. Wọ́n tilẹ̀ kọ lẹ́tà ìyìn sí mi. Bàbá mi, bàbá-ńlá rẹ tí o kò bá láyé, kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ó fi férémù sí lẹ́tà náà, ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, kò sì sí àlejò tí kò ní í bẹ̀ pé kó kà á fún òun.

Mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn ìbéèrè tí mo ti rí rí ni wọ́n bi mí, nọ́mbà inú wọn nìkan ni wọ́n yí padà. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Nígbà tí èsì jáde, mo ti fìdí rẹmi. Mo wá sí Ọ̀kà, bàbá mi bi mí pé, "Kí ni wọ́n wí?" Mo wo ògiri yẹn, mo ní, "Wọ́n ní mo yege, Bàbá."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi mú mi lọ síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́. Ó jó lọ, ó jó bọ̀, àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo ń jó tẹ̀ lé e. N kò tíì jó ijó tó wúwo bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mo padà sídìí ìwé lábẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é, ó sì gbà mí ní ọdún mẹ́ta. Mo yege lóòótọ́, mo lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà, mo fẹ́ ìyá rẹ. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ti tán, kí ni mo tún fẹ́ máa bá bàbá mi sọ. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni mò ń sọ pé bó bá di ọdún tó ń bọ̀, màá sọ ọ́. Bàbá mi kú. Lọ́jọ́ tí a sin ín, lẹ́tà yẹn ṣì wà lára ògiri. Mo rí i, mo bú sẹ́kún, àwọn ènìyàn sì rò pé ikú rẹ̀ nìkan ni mò ń sunkún.

Ohun tí o fẹ́ ṣe yẹn, Fọlákẹ́, kí o wọlé kí o máa tún un ṣe kí wọ́n tó mọ̀, mo ti ṣe é rí. Mo sì tún un ṣe dáadáa. Àtúnṣe náà kò yọ irọ́ náà kúrò lọ́rùn mi.

Tìrẹ kì í ṣe irọ́. Àṣìṣe ni, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tí kì í ṣì í ṣe. Ọjọ́ tí o bá jókòó sídìí iṣẹ́ wọn tí o sì dákẹ́ ni yóò di irọ́. Tún rò ó wò: àgbẹ̀ kan wà tí kò ní ẹní, orí sìmẹ́ńtì ló ń sá kòkó rẹ̀ sí, kòkó rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. Wọ́n á na fóònù sí i, fóònù á ní kò dára. Ta ni yóò gba ti onítọ̀hún rò? Ẹlòmíràn á sì tẹ́ ẹní sábẹ́ kòkó bíbu, á rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Wọ́n lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. N kò ní tàn ọ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó ọwọ́ la fi ń ra èké, mo ti dàgbà tó láti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n má lọ lọ́wọ́ òfìfo. Sọ fún wọn pé àṣìṣe tí mo ṣe rèé, bí mo ṣe rí i fúnra mi rèé, bí mo ṣe fẹ́ tún un ṣe rèé. Láti àná ni èmi àti ìyá rẹ ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo da kòkó bíbu sórí ẹní. Mo da dáadáa sórí àpáta, sórí sìmẹ́ńtì, sórí páànù, sínú àwo. Aládùúgbò wa yọjú láti orí ògiri, ó ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ṣé ara yín yá?" Mo ní ọmọ mi ló rán mi níṣẹ́. Bí ìyá rẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la, ẹ jọ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí o wá ya fọ́tò tuntun. Bí wọ́n bá sì gba iṣẹ́ náà, yàrá rẹ wà níbẹ̀, àpáta wà níbẹ̀, èmi náà ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ ju iṣẹ́kíṣẹ́ lọ.

Ibi tí mo rò pé lẹ́tà yìí máa parí sí nìyẹn. Mo fẹ́ dí i ni mo rántí pé ìyá rẹ ló máa mú un wá. Kò tọ́ kó gbé ohun tí kò mọ̀ dání, nítorí náà mo pè é jókòó, mo ka ibi ti bàbá mi fún un. Nígbà tí mo kà á tán, ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. Ó wá ní, "Bàbá mọ̀."

Mo ní kí ló mọ̀.

Ó ní, "Ọdún tí ẹ fẹ́ mi ni wọ́n pè mí sídìí kòkó tí wọ́n ń ṣà. Wọ́n ní òjò jò sínú àpótí yín nígbà kan, àwọn ń sá ìwé inú rẹ̀, ni àwọn bá rí ọ̀kan tó ní òǹtẹ̀, àwọn sì mú un lọ fún tíṣà ìjọ kó bá àwọn kà á, ó sì ní èsì ìdánwò tí ẹ kò yege ni. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá sọ ọ́, pé àwọn ń dúró dè yín. Ṣé ẹ ò rí i pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró alùpùpù yín bí ẹ ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè, wọ́n máa ń gbé àga kejì síta sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn?"

Mo rántí àga náà, Fọlákẹ́. Mo rò pé wọ́n kàn gbàgbé rẹ̀ síta ni. Èmi ni mo máa ń gbé e padà wọlé.

Bí wọ́n bá fa àga fún ọ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọ mi, jókòó, kí o sì sọ ọ́.

Ẹni tó bí ọ, tí kò ní í dẹ́kun láti máa gbàdúrà fún ọ,

Bàbá rẹ.